Ẹ̀rọ dákú lójú iṣẹ́, kọ́ḿpìnì ní kẹ́ ẹ dúró ná: èsì sí ìbéèrè ẹ̀yin agégi

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ o, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù: irinṣẹ́ bàjẹ́ lójú iṣẹ́, ẹni tó tà á ní òun kọ́ lòun ṣe é, ẹni tó ṣe é ní kí wọ́n lọ bá ẹni tó tà á. Mo ṣa díẹ̀ síbí, mo sì gé àwọn tó gùn kúrú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dárúkọ kọ́ḿpìnì tẹ́ ẹ sì bú u, ẹ má bínú, mo yọ orúkọ yẹn kúrò, èébú náà sì bá a lọ.

*Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣéènsọ̀ mi ò tíì pé ọdún kan tí mo rà á. Tí mo bá tan án láàárọ̀ á ṣiṣẹ́ dáadáa, tó bá ti gbóná báyìí á kú, mo lè fà á títí apá á fi máa ro mí, kò ní dáhùn àfi tó bá tutù. Mo gbé e lọ fún dílà, wọ́n tú u, wọ́n ní písítìn ti ha, pé epo tí mò ń lò ni ò dáa, wọ́ráńtì ò sì bo irú ẹ̀. Èmi sì mọ̀ pé mò ń po epo mi bó ṣe yẹ. Ṣé kí n kàn gba kámú ni?*

Àbúrò, má tíì gba kámú. "Epo ẹ ni" yẹn, ohun tó máa ń kọ́kọ́ yá dílà lẹ́nu nìyẹn. Ìgbà míì wà tó jẹ́ òótọ́, ìgbà míì sì wà tó jẹ́ pé wọn ò yẹ nǹkan kan wò kí wọ́n tó sọ ọ́. Ibi tí písítìn ti ha ló máa ń fẹjọ́ sùn. Tó bá jẹ́ pé pẹtiróòlù lásán tí ò ní ọ́ìlì ni wọ́n bù sí i, ó sábà máa ń ha yí ká, kì í sì í pẹ́ rárá tó fi máa ṣẹlẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ tí èéfín ń gbà jáde nìkan ló ha, ibi tí mo máa kọ́kọ́ wò ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ̀, ohun tó sì lè fa ìyẹn pọ̀, kábúrétọ̀ (ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́) tí wọ́n yí débi tó gbẹ jù, fíltà inú táǹkì tó ti dí, páìpù epo tó ti sán, tàbí síìlì ẹ̀gbẹ́ kránkì tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Tó bá wá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ló jẹ, a jẹ́ pé ìdọ̀tí ló kọjá fíltà afẹ́fẹ́, ìyẹn ti di ẹjọ́ ẹ nìyẹn.

Ṣé o rí ibi tí mò ń lọ? Síìlì tó ń fa afẹ́fẹ́ lára ṣéènsọ̀ tí ò tíì pé ọdún kan, ẹjọ́ ẹni tó ṣe é ni. Fíltà tí o ò fọ̀, ẹjọ́ tìẹ ni. Méjèèjì ló lè ba písítìn jẹ́. Torí náà ìbéèrè tí wàá bi dílà ni pé, ṣé wọ́n ti dí ẹ́ńjìnì yẹn pa kí wọ́n fún afẹ́fẹ́ sí i, kí wọ́n sì tún fà á jáde, láti mọ̀ bóyá síìlì ń jò, kí ni géèjì sì kà? Tí wọn ò bá ṣe ìyẹn, kí ni wọ́n wò tí wọ́n fi mọ̀ pé epo ni? Fi pẹ̀lẹ́ bi wọ́n o, má bá wọn jà, ẹni tó ń pariwo ni wọ́n máa ń tètè lé jáde.

Ní ti epo, ọ̀pọ̀ ṣéènsọ̀ òde òní ló ń lo 50:1, ìyẹn 20 mílílítà ọ́ìlì two-stroke sí lítà pẹtiróòlù kan, 100 mílílítà sí lítà 5. Àwọn àtijọ́ kan wà tó jẹ́ 25:1, ìwé tó bá a wá ló máa sọ tìẹ fún ẹ. Tí ìyókù epo yẹn bá ṣì wà nínú kẹ́ẹ̀gì, má dà á nù rárá, bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́, kọ déètì sí i lára, ẹ̀rí ẹ nìyẹn. Tí omi bá ti dúró sísàlẹ̀ ìgò, àbúrò, dílà ti jàre ẹ. Pẹtiróòlù tó bá ní ethanol nínú máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, èyí tí wọ́n ti pò sílẹ̀ tó ti lé lóṣù kan, èmi ò lè fi sí ṣéènsọ̀ mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, gba ìkọ̀sílẹ̀ wọn ní ìwé. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí, kí wọ́n ya fọ́tò písítìn àti sílíńdà, kí wọ́n kọ nọ́ńbà sírìà ẹ̀rọ náà síbẹ̀, kí wọ́n sì dá gbogbo páàtì tí wọ́n tú padà fún ẹ. Ìwé yìí lo máa fi ránṣẹ́ sí kọ́ḿpìnì fúnra wọn, pẹ̀lú rísíìtì ẹ, kó o ní kí aṣojú wọn tó ń bójú tó àwọn dílà tún un wò. Dílà ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdájọ́ ìkẹyìn, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ̀ pé ẹnì kan wà lókè ẹ̀.

Nǹkan méjì kù. Àkọ́kọ́, wo ìwé wọ́ráńtì ẹ dáadáa, ọ̀pọ̀ kọ́ḿpìnì ló jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ jẹun kúrú ju ti ẹni tó ń fi gé igi ẹ̀yìnkùlé ẹ̀ lọ, ó lè jẹ́ pé ọjọ́ ló ti lọ tí wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀ epo. Ìkejì, kíkú nígbà tó bá gbóná yẹn, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ohun tó ń fà á pọ̀, ihò tí táǹkì fi ń mí lè dí (jẹ́ kó tutù díẹ̀ ná, kó o wá rọra tú ìdérí táǹkì, torí epo gbígbóná lè tú yàà sí ẹ lójú, tó bá mí hììì tó sì tún ṣiṣẹ́, o ti rí i nìyẹn), kọ́ìlì iná pọ́lọ́ọ̀gì náà lè máa kú tó bá gbóná. Tó bá jẹ́ pé o ti fi WhatsApp sọ fún dílà nígbà tó kọ́kọ́ ṣe é, tí wọ́n ní kó o ṣì máa lò ó lọ, lọ wá mẹ́sẹ́ẹ̀jì yẹn jáde kíákíá, torí déètì wà lára ẹ̀.

*Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. A ní ṣípà ńlá, ẹ̀rọ tó ń rún ẹ̀ka, tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, èyí tí ọkọ̀ ń fà. Rólà tó ń fa ẹ̀ka wọlé á dúró, á tún lọ, á tún dúró, a ò lè rún ẹ̀ka mẹ́ta láìdúró. Mo pe àwọn tó ṣe ṣípà, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì ni, ká lọ bá àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnì. Àwọn yẹn ní ẹ́ńjìnì tàwọn ò ní nǹkan kan, pé ṣípà ni. A wá di bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá kiri. Ta ni ká dìmú?*

Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ohun tó fa gbígbá kiri yìí ni pé ẹni méjì ló ṣe ohun tí ẹ rà. Vermeer, Bandit, Morbark, àwọn yẹn ń ṣe ṣípà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì tó wà lórí ẹ̀ lè jẹ́ ti Kohler, ti Cummins, ti Perkins, ti Kubota, wọ́ráńtì ẹ́ńjìnì yẹn sì yàtọ̀, ó ní dílà tirẹ̀, ó ní nọ́ńbà sírìà tirẹ̀ tí ẹ máa rí lára ẹ́ńjìnì gan-an, kì í ṣe lára pátákó ṣípà. Tí ẹ bá pè tí ẹ fún ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnì ní nọ́ńbà ṣípà, kò lè rí yín nínú kọ̀ǹpútà ẹ̀, yóò sì sọ pé ẹ kì í ṣe oníbàárà òun.

Rólà tó ń dúró tó ń lọ yẹn, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe o. Sẹ́ńsọ̀ kan wà tó ń ka bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí, tó bá ti lọ sílẹ̀ ju ibi tí wọ́n sé e sí, á dá rólà dúró kí ẹ̀ka má baà fún ẹ́ńjìnì lọ́rùn, tó bá gbapá padà á tún jẹ́ kó lọ. Ohun tí ẹ máa wá ni ìdí tí ẹ́ńjìnì fi ń rẹ̀wẹ̀sì. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa wò, kì í ṣe ti kọ́ḿpìnì kankan, ọ̀bẹ ni. Ọ̀bẹ tó kú kì í gé igi mọ́, ṣe ló ń lù ú, ìyẹn sì ń jẹ agbára. Àlàfo tó wà láàárín ọ̀bẹ àti irin tó dojú kọ ọ́ náà ń kó bá a tó bá ti fẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà bẹ́líìtì tó ti dẹ̀, fíltà afẹ́fẹ́, fíltà dísẹ́ẹ̀lì. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìdérí o, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ sápò ẹni tó fẹ́ ṣe é, ẹ dúró kí ohun tó ń yí nínú ẹ̀ dúró pátápátá, ó máa ń pẹ́ kó tó dúró, kí ẹ sì dè é kó má lè yí. Ọ̀bẹ yẹn ò mọ̀ pé ẹ́ńjìnì ti kú.

Tí gbogbo ìyẹn bá dáa, ẹ wá wo ojú mítà. Àwọn ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì ìsinsìnyí máa ń gbé nọ́ńbà àṣìṣe jáde, SPN kan (ó ń sọ ibi tí wàhálà wà) àti FMI kan (ó ń sọ irú wàhálà tó jẹ́), nọ́ńbà méjèèjì ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kì í ṣe "iná pupa kan tàn". Èyí tó bá ní fíltà tó ń gba dúdú èéfín, ó ní ìgbà tó máa ń fẹ́ jó o dànù, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá ń pa ẹ́ńjìnì ní gbogbo ìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó o, tó bá yá á dín agbára ara ẹ̀ kù fúnra ẹ̀, ẹ ò ní lè fi ṣe iṣẹ́ gidi. Ó jọ pé ṣípà ló bàjẹ́, ẹ́ńjìnì ló ń bínú.

Nígbà tí ẹ bá wá pè, bó ṣe yẹ kí ẹ sọ ọ́ nìyí: nọ́ńbà sírìà, wákàtí tó wà lórí mítà, SPN àti FMI, ìgbà tí ẹ pọ́n ọ̀bẹ kẹ́yìn, iye tí ẹ́ńjìnì ń yí láìfi igi sí i àti iye tó ń lọ sílẹ̀ dé tí igi bá wọlé. Ẹ fi fídíò kan tí ojú mítà hàn nínú ẹ̀ sí i. Tí ẹ́ńjìnì bá ń yí débi tó yẹ láìrẹ̀wẹ̀sì tí rólà ṣì ń dúró, sẹ́ńsọ̀ tàbí wáyà rólà ni, ẹjọ́ àwọn tó ṣe ṣípà nìyẹn, kò sí ibi tí wọ́n máa gbé e lọ. Tí ẹ́ńjìnì ò bá dé iye tó yẹ kó dé láìsí igi rárá, ẹjọ́ àwọn ẹlẹ́ńjìnì ni. Ẹ ní kí àwọn méjèèjì wà lórí ímeèlì kan náà. Ó nira díẹ̀ láti máa ti èèyàn síra wọn nígbà tí gbogbo wọn bá ń ka ohun kan náà.

*Ìbéèrè: Ọmọ iṣẹ́ mi ní òun lè so wáyà ọ̀pá ìdádúró ṣípà pọ̀ ká lè parí iṣẹ́ tọwọ́ wa, torí páàtì ẹ̀ ò tíì dé. Ṣé kò léwu fún ọjọ́ kan péré?*

Ó léwu. Ọ̀pá yẹn ni ọwọ́ tàbí itan èèyàn máa tì tí ẹ̀ka bá ń fà á lọ, kò sí nǹkan míì láàárín òun àti rólà. Ẹ fi ọkọ̀ kó ẹ̀ka yẹn lọ, tàbí kí ẹ yá ẹ̀rọ. Wọ́ráńtì náà á bá a lọ tí wọ́n bá rí wáyà tí ẹ so, ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an kọ́ ni mò ń rò.

*Ìbéèrè: Sà, mo fẹ́ ra ṣéènsọ̀ tuntun méjì, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń jà lórí orúkọ. Èwo ló dáa jù lọ, tí kì í bàjẹ́?*

Èyí tí kì í bàjẹ́, wọn ò tíì ṣe é. Stihl ti wà láti 1926, Husqvarna ti wà láti 1689 nígbà tí wọ́n ń rọ ìbọn ní Sweden, 1959 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ṣéènsọ̀, ẹ lè fi gbogbo ìyẹn jiyàn dọ̀la, kò ní gbé páàtì kan wá fún yín. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí orúkọ. Dílà ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò kí ẹ tó yẹ ẹ̀rọ wò.

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ ní kó ta fíltà epo, síìlì kránkì àti okùn ìtanná ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rà yẹn fún yín lójú ẹsẹ̀. Tó bá ní kí ẹ dúró òun máa ọ́dà ẹ̀, ẹ ti mọ bí ẹ ṣe máa dúró lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ yọjú sẹ́yìn, ẹ wò bóyá mẹkáníìkì wà níbẹ̀ tó ń tú nǹkan, àbí akọ̀wé nìkan ni. Ẹ bi í bóyá ó lè yá yín ní ẹ̀rọ nígbà tí tiyín bá wà lọ́dọ̀ ẹ̀, àwọn kan ń ṣe é, wọn kì í polongo ẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ èyí tó ní kábúrétọ̀ oníkọ̀ǹpútà, M-Tronic ti Stihl tàbí AutoTune ti Husqvarna, kò sí ṣúrúkù tí ẹ máa yí bíi ti àtijọ́, fúnra ẹ̀ ló ń ṣètò epo àti afẹ́fẹ́, torí náà dílà tí ò bá ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀yin àti ẹ̀ jọ ń méfò ni. Mo mọ àwọn tó fi ẹ̀rọ tó dáa jù sílẹ̀ tí wọ́n lọ ra èyí tó tẹ̀ lé e torí dílà, mi ò sì tíì gbọ́ kí wọ́n kábàámọ̀.

Méjì tí ẹ sì fẹ́ rà yẹn, kó jẹ́ irú kan náà. Báà (irin gígùn tí ṣéènì ń yí lé lórí) àti ṣéènì kan á wọ méjèèjì, tí ọ̀kan bá sì kú pátá, ó ti di ilé páàtì èkejì.

*Ìbéèrè: Ọkọ̀ wa tó ní bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbé èèyàn lọ sókè dákú nígbà tí ọ̀gá wa wà lókè. Ó pẹ́ ká tó rí i sọ̀ kalẹ̀, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì kọ́ḿpìnì sì ń dún lásán. Kí ló yẹ ká ṣe?*

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé yìí, mo sì dúpẹ́ pé ó sọ̀ kalẹ̀. Kò yẹ kó jẹ́ kọ́ḿpìnì ni ẹ máa kọ́kọ́ pè. Ọ̀rọ̀ kan ṣáájú gbogbo ẹ̀: tí apá ọkọ̀ yẹn bá kan wáyà iná tàbí tó sún mọ́ ọn, kí ẹni tó wà nílẹ̀ má fọwọ́ kan ọkọ̀ rárá, kó jìnnà, kó pe àwọn oníná àti àwọn panápaná.

Tí kò bá sí iná nítòsí, ẹ ní kí ẹni tó wà lókè wo bọ́tìnnì pupa ìdádúró tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀ka tàbí ìgbáròkó ló sábà máa ń tẹ̀ ẹ́. Tí kì í bá ṣe ìyẹn, ọwọ́ ìdarí kan wà nísàlẹ̀ lára ọkọ̀ tó lágbára ju tòkè lọ, òun ni ẹ máa lò. Tó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnì ló kú, ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ yìí ní pọ́ǹpù kékeré tó ń lo bátìrì, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ kó má baà gbóná. Ẹni tó wà nílẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣe gbogbo èyí rí lọ́jọ́ tí kò sí wàhálà, láàárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gun òkè náà sì gbọ́dọ̀ mọ okùn tó máa fi sọ̀ kalẹ̀ tí gbogbo ẹ̀ bá kọ̀.

Ẹ sọ nínú lẹ́tà yín pé ẹ rí ọ́ìlì tó ń jò lára hósì, pé ọmọ iṣẹ́ kan ń fọwọ́ wá ibi tó ti ń jò. Ẹ jọ̀ọ́, láéláé! Ọ́ìlì haidirọ́líìkì tó ń tú láti ihò tí ò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ lè gún awọ ara wọlé. Kì í dun èèyàn púpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, á dà bíi pé nǹkan kékeré kan ta á, bẹ́ẹ̀ ó lè ba ọwọ́ yẹn jẹ́ débi gígé. Páálí tàbí pákó ni wọ́n fi ń wá a, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ agbára inú ẹ̀ kalẹ̀ ni wọ́n tó ń tú u. Tó bá ti gún ẹnì kan, ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ọ́ìlì haidirọ́líìkì ló wọlé, kó má lọ rò pé ojú ọgbẹ́ kékeré lásán ni.

*Ìbéèrè: Páàtì ojúlówó wọ́n. Ṣé mo lè máa lo ayédèrú tó jọ ọ́?*

Ayédèrú ni páàtì tó ń pe ara ẹ̀ ní ohun tí kò jẹ́, ẹ má rà á. Èyí tí kọ́ḿpìnì míì ṣe tó sì kọ orúkọ ara ẹ̀ sí i, ìyẹn yàtọ̀. Ṣéènì, báà, fíltà, okùn ìtanná, mo máa ń lo ti kọ́ḿpìnì míì tó bá dáa, ẹ kàn rí i pé ìwọ̀n ṣéènì bá báà mu. Síìlì, kábúrétọ̀ àti kílọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́ráńtì ṣì wà, ojúlówó. Bíréèkì ṣéènì, ojúlówó títí ayé. Nǹkan tí ẹ fi ń rọ̀ mọ́ igi, ẹ má tilẹ̀ bi mí.

*Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé kọ́ḿpìnì tó ṣe irinṣẹ́ tí mo fi ń gun igi ń kó wọn padà. Tèmi ò ní àlèébù kankan lójú mi. Ṣé kí n ṣì máa lò ó títí wọ́n á fi fún mi ní òmíì?*

Rárá, gbé e sílẹ̀ lónìí. Lọ́dún 2013, Petzl, kọ́ḿpìnì tó ń ṣe irinṣẹ́ ìgungi, kó ZIGZAG tí àwọn agégi fi ń gun okùn padà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in náà ló ń wò ó pé kò ṣe nǹkan kan. Ohun tí wọ́n rí lè má hàn sójú ìwọ tó ò ń fi ṣiṣẹ́.

Wá nọ́ńbà sírìà tó wà lára ẹ̀, fi wé èyí tí kọ́ḿpìnì kọ sínú ìkìlọ̀ wọn, lórí ìkànnì tiwọn gan-an ni kó o ti kà á, kì í ṣe nínú ohun tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp. Tó bá wà nínú ẹ̀, kọ̀wé sí wọn, bi wọ́n bóyá òmíì ni wọ́n máa fún ẹ, àtúnṣe ni, àbí owó, àti ta ló máa san owó ìfiránṣẹ́. Má tà á fún ẹlòmíì, má fi fún ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tó o bá ń dúró, okùn àti kókó àtijọ́ tó o fi kọ́ṣẹ́ ṣì ń gbé èèyàn gun igi, ó kàn lọ́ra díẹ̀ ni. Tí oníbàárà bá ń kán ẹ lójú, fi ìkìlọ̀ kọ́ḿpìnì yẹn hàn án lórí fóònù ẹ, kó o sún ọjọ́ iṣẹ́ síwájú.